Ìbéèrè Òǹkàwé: Orí Kìnnìún Tí Omi Ń Ti Ẹnu Rẹ̀ Dà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mo fẹ́ kí omi máa ti ẹnu orí kìnnìún kan lára ògiri ọgbà òdòdó mi dà sínú ọpọ́n òkúta, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ni kìnnìún ti wá, àti pé bí mo bá fẹ́ ṣe ti Gíríìsì, òkúta mábù tó funfun báláú ni kí n lò. Ṣé òótọ́ ni, báwo ni mo sì ṣe lè tọ́jú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ní ti kìnnìún, ọ̀rẹ́ yín kò tọ̀nà. Kí Róòmù tó di alágbára ni àwọn Gíríìkì ti ń gbẹ́ orí kìnnìún sí etí òrùlé tẹ́ḿpìlì kí omi òjò lè máa gba ẹnu rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń fi irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ṣe ibi ìpọnmi fún ará ìlú. Ó hàn nínú àwòrán tí wọ́n yà sára ìkòkò omi ní Áténì ní nǹkan bí ọdún 520 ṣáájú ìbí Kristi: obìnrin kan gbé ìkòkò sábẹ́ ẹnu kìnnìún, omi ń dà sínú rẹ̀, ìkòkò òfìfo ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ dùbúlẹ̀ lórí òṣùká, ti ẹni tó ti pọnmi tán sì dúró ṣánṣán. Ìyẹn wù mí ju ọ̀pọ̀ ère òrìṣà wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ funfun ló gùn díẹ̀. Àwọn Gíríìkì a máa kun ère wọn ní pupa, búlúù àti àwọ̀ ìyeyè. Ère ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n hú jáde ní Acropolis, òkè tí àwọn tẹ́ḿpìlì wà ní Áténì, lọ́dún 1886 ṣì ní àmì ọ̀dà lára títí di òní. Ilẹ̀, òjò àti oòrùn ló bó ọ̀dà lára ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, àwọn tó wá rí wọn lẹ́yìn náà sì rò pé bí wọ́n ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìfẹ́ funfun yìí pọ̀ débi pé láàárín ọdún 1937 sí 1938, àwọn òṣìṣẹ́ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù fi irin bàbà ha àwọn ère Parthenon, tẹ́ḿpìlì ńlá kan ní Áténì, kí wọ́n lè túbọ̀ funfun, wọ́n sì ha lára òkúta gan-an lọ. Nítorí náà, ẹ má fojú kéré òkúta tó pọ́n díẹ̀ tàbí tó dà bí eérú. Síbẹ̀ n kò ní kí ẹ kùn ún, torí ọ̀dà kì í pẹ́ lára ohun tí omi ń ṣàn lé lórí lójoojúmọ́.

Ásíìdì a máa jẹ mábù. Bí omi bá fi èépá funfun sílẹ̀ létí ẹnu kìnnìún, ẹ má ṣe fi ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí irun ọrùn rẹ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́ má baà dán bọ̀rọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi lásán ni kí ẹ máa lò lóòrèkóòrè, kí èépá náà tó le. Mábù tún wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 2.7 omi, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọpọ́n náà dúró lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀ dípò kí ẹ gbé e kọ́ ara ògiri. Pọ́ǹpù tó wà nísàlẹ̀ ọpọ́n ni yóò máa gbé omi náà padà sókè, omi yìí kan náà ló sì ń mú kí pọ́ǹpù náà tutù; bí oòrùn bá ti fà á, ẹ tètè bu òmíràn kún un.