Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí Ló Dé Tí CalculiX Fi Kọ Ìdúró Táǹkì Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí ní Adó-Èkìtì. Mo fi FreeCAD, ètò ìyàwòrán ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, ya ìdúró onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí yóò gbé táǹkì omi 2,000 lítà, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò gba ẹrù náà. Lákọ̀ọ́kọ́, FreeCAD ní òun kò rí CalculiX tí yóò bá a ṣe ìṣírò. Nígbà tí ó wá rí i, ìṣírò náà dá dúró lójijì. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ni kò lágbára tó?

Ìdáhùn: Ó dá mi lójú pé ẹ̀bi kọ̀ǹpútà yín kọ́. FreeCAD fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣírò yìí. Ó ń kọ irú irin, ibi tí ẹsẹ̀ dúró sí àti ẹrù tí ẹ sọ fún un sínú fáìlì .inp kan, yóò sì gbé e fún CalculiX, ètò ọ̀tọ̀ tí Guido Dhondt àti Klaus Wittig kọ ní Jámánì, tí yóò dá èsì padà nínú fáìlì .frd. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń ṣàròyé.

Àròyé àkọ́kọ́ kò le. Bí ẹ bá ń lo Ubuntu, ẹ fi calculix-ccx sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tọ́ka ibi tí ccx (ètò CalculiX tí ń ṣe ìṣírò gan-an) wà fún FreeCAD ní Preferences, lábẹ́ FEM, apá tí ó wà fún irú ìṣírò yìí.

Ti èkejì ni ó gba àròjinlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, irin tí ó fara kan ara wọn nínú àwòrán ṣì jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú Gmsh, ètò tí ó ń pín wọn sí àwọ̀n (mesh), ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a so pọ̀ ní kókó, bẹ́ẹ̀ ni irin tí kò sí ohun tí ó dì í mú lè sún débikíbi, solver (CalculiX tí ń ṣe ìṣírò) kò sì ní rí ìdáhùn kan pàtó fún un. Ẹ so gbogbo irin náà di ọ̀kan kí ẹ tó ṣe àwọ̀n, kí ẹ sì de àtẹ́lẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Omi nìkan yóò tẹ ìdúró náà pẹ̀lú nǹkan bí 19,620 N; ẹ má gbàgbé ìwọ̀n táǹkì fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó gba èsì kankan gbọ́, ẹ dán solver náà wò pẹ̀lú ọ̀pá irin gbọọrọ kan tí ó gùn ní 1,000 mm, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 50 mm, tí líle irin rẹ̀ (Young's modulus) jẹ́ 210,000 MPa. Bí ẹ bá de orí kan, tí ẹ fi 1,000 N tẹ orí kejì wálẹ̀, ó yẹ kí orí náà sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 3.05 mm. Bí ó bá kéré jùyẹn lọ gan-an, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti lo àwọ̀n tí ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ oníkókó mẹ́rin, tí ó máa ń mú irin le ju bí ó ti rí lọ. Oníkókó mẹ́wàá ni kí ẹ yàn.

Nítorí iná tí ó máa ń lọ lójijì, ẹ má jẹ́ kí FreeCAD kó fáìlì .inp sí fólídà onígbà díẹ̀. Bí ó bá wà lọ́wọ́ yín, ccx lè ṣe ìṣírò náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn láìsí FreeCAD.

Níkẹyìn, ìṣírò lásán kò lè sọ fún yín bóyá ẹsẹ̀ gígùn tín-ín-rín yóò wọ́. Ẹ yan buckling, ìṣírò tí ó ń wo bóyá ẹsẹ̀ yóò wọ́ lábẹ́ ẹrù. Bí nọ́ńbà tí ó kọ́kọ́ jáde bá kéré sí 1, ẹsẹ̀ náà yóò wọ́ kí ẹrù tó pé.