Ìbéèrè Yín: Nọ́mbà 3816547290, ṣé kò ní èkejì lóòótọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Olùkọ́ wa kọ 3816547290 sójú pátákó. Ó ní 0 dé 9 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òǹkà méjì àkọ́kọ́, 38, ṣeé pín sí méjì, 381 sí mẹ́ta, 3816 sí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́wàá. Mo dán an wò, ó bá mu. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kò ní èkejì?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ wa, òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ, o sì lè rí ìdí rẹ̀ láìlo kọ̀ǹpútà. Gé páálí wẹ́wẹ́ mẹ́wàá, kọ 0 dé 9 sí wọn lára, kí o máa tò wọ́n.

Àyè kẹwàá, 0 nìkan ló gbà. Àyè karùn-ún, 5 ni, torí 0 ti lọ. 2, 4, 6 àti 8 ló máa wà ní àyè kejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ. 1, 3, 7 àti 9 á bọ́ sí èyí tó kù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á fi 4 tàbí 8 sí àyè kẹrin, nítorí àwọn yẹn ló ṣeé pín sí mẹ́rin. Rárá o. Òǹkà méjì tó kẹ́yìn ni à ń wò pọ̀. 14, 34, 74, 94: kò sí ọ̀kan tó pín sí mẹ́rin láìṣẹ́kù. 8 náà bẹ́ẹ̀. 2 tàbí 6 nìkan ló lè jókòó síbẹ̀, bí ó ṣe wà nínú 12 àti 16. Bákan náà ló rí ní àyè kẹjọ. 4 àti 8 á wá pín àyè kejì àti ìkẹfà láàárín ara wọn.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ pín sí mẹ́ta, mẹ́fà àkọ́kọ́ náà sì pín. Àpapọ̀ ìkẹrin dé ìkẹfà gbọ́dọ̀ pín sí mẹ́ta pẹ̀lú. Èyí tó bá a mu kò ju 258 àti 654 lọ.

Bí 258 bá wà láàárín, òfin mẹ́ta àti ti mẹ́jọ á fi méjì péré sílẹ̀: 1472589 àti 7412589. Pín wọn sí méje: àkọ́kọ́ ṣẹ́ku 6, èkejì ṣẹ́ku 2. Wọ́n ti já.

654 fi mẹ́jọ sílẹ̀: 1836547, 3816547, 1896543, 9816543, 1896547, 9816547, 7896543 àti 9876543. Èyí tó kẹ́yìn yìí dára lójú gan-an, àmọ́ ó ṣẹ́ku 5. Méje nínú wọn ló ṣẹ́kù. 3816547 nìkan ló pín sí méje gẹ́lẹ́, ó di 545221. Wò ó: ọ̀nà 3,265,920 ló wà láti to òǹkà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láìfi 0 ṣáájú, ọwọ́ lásán sì ti dín in kù sí mẹ́wàá kí o tó pín ohunkóhun sí méje!

Kíyè sí èyí: ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí òǹkà mẹ́jọ péré ń hàn lójú rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣòwò ń lò ní ọjà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde, kò lè gba 381654729. Má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ro 1 dé 9 pọ̀, ó di 45, 45 sì pín sí mẹ́sàn-án. Bó ti wù kí o tò wọ́n, àyè kẹsàn-án kò lè ṣẹ́kù.