Èsì: Ṣé kí n dá lọ sí Accra ni, àbí kí n dúró de ọ̀rẹ́ mi?

Ará Ṣàgámù tó béèrè, ẹ kú ìmúra. Ẹ lè dá lọ. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu ìgbà tí ẹ máa gbéra àti ibi tí ẹ máa dé. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan náà lẹ máa san owó yàrá, kò sì ní sẹ́ni tó máa bá yín ṣọ́ ẹrù tí ẹ bá fẹ́ tọ̀. Nítorí náà, gààrí Ìjẹ̀bú tí ẹ fẹ́ gbé kò gbọdọ̀ ju èyí tí ẹ lè dá gbé rìn lọ.

Bọ́dà ló le jù fẹ́ni tó dá rìn. Mẹ́ta ni: Sẹmẹ̀ (láti Nàìjíríà sí Benin), Hillacondji (láti Benin sí Togo) àti Aflao (láti Togo sí Ghana). Níbi kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ ìjáde wà, ti ìwọlé wà, mẹ́fà lápapọ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ kó páàsì (ìwé ìrìnnà) wá káwọn bá yín sáré tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn! Ẹ fúnra yín mú un dé ojú wíńdò, kí ẹ sì ka déètì ara òǹtẹ̀ náà kí ẹ tó kúrò, torí bí ti ìwọlé kò bá sí, ibi ìjáde ni wọ́n ti máa dá yín dúró.

Ẹ ò nílò físà fún 90 ọjọ́, torí ará ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni wá. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever), ó kéré tán 10 ọjọ́ ṣáájú, kí ẹ sì mú káàdì rẹ̀ dání. Ẹ wá owó sẹ́fà, tí wọ́n ń ná ní Benin àti Togo, díẹ̀ pẹ̀lú.