Ìgbà ò lọ bí òréré: ṣé ọ̀rọ̀ aláìnígbàgbọ́ ni?

Ìbéèrè: Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni wọ́n bí mi sí, Kétu sì ni ìyá tó bí ìyá mi wà. Bí ọjà ò bá tà, bí òjò ò bá rọ̀, tàbí bí nǹkan kan bá ṣàdédé yí padà, màmá á ní, "Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn." Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ kan, olùṣọ́àgùntàn wa sì ní kí n má sọ ọ́ mọ́, pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni òwe yìí túmọ̀ sí gan-an? Ṣé onígbàgbọ́ lè pa á? Ìgbà wo ló sì yẹ kéèyàn pa á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba òwe yìí lẹ́nu rẹ. Ọmọ Kétu lèmi náà, ẹnu àwọn àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, n kò sì tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ti káwọ́ gbera. Ẹni tó ṣì fẹ́ dìde ló máa ń pa á.

Òréré ni ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, téèyàn dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ojú ń tó òpin. Ọ̀pá ìbọn ni irin gígùn tí ọta ń gbà jáde. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìbọn á gbé irin náà dé ojú, á di ojú kan, á fi èkejì wò ó láti ìdí dé ẹnu. Bó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, inú iná ló ń padà sí. Torí pé ó tọ́ ni ọdẹ fi lè fojú sun ẹran, kó sì mọ ibi tí ọta máa bà. Òwe wá ní ayé ò rí bẹ́ẹ̀. O lè múra sílẹ̀ fún ọjà títí, kí ire gba ibòmíràn wọlé. O lè wo ọdún kan látìbẹ̀rẹ̀, o ò ní rí ìparí rẹ̀.

Ìgbà àti ayé ni òwe yìí ní wọn ò tọ́. Kò sọ irú rẹ̀ nípa Ọlọ́run. Ibẹ̀ gan-an ni olùṣọ́àgùntàn yín, tí mo gbà pé ire rẹ ni wọ́n ń wá, ti ṣì í gbọ́. Fetí sílẹ̀ dáadáa nígbà míì tí àgbàlagbà bá pa á: bó ti ń parí ni á mí kanlẹ̀, tí á sì fi kún un pé, "Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n," tàbí "Olúwa ni ká bẹ̀." Ẹni tó rò pé ìgbà tọ́ bí òréré ni kò ní rí ìdí tí òun fi máa bẹ Ọlọ́run, ó ti rí òpin ọ̀nà, kí ló tún kù?

   

Àwọn àgbẹ̀ ló mọ òwe yìí jù. Òjò méjì la ní lọ́dún lágbègbè wa: àkọ́rọ̀, láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin dé oṣù keje, àti àrọ̀kúrò, láti oṣù kẹsàn-án dé ìkọkànlá. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré a máa jókòó sáàárín wọn nínú oṣù kẹjọ, kí ẹ̀ẹ̀rùn ńlá tó wá dé tòun tọyẹ́. Lórí ìwé nìyẹn. Nínú oko, òjò kìíní á rọ̀, bàbá àgbẹ̀ á fi ìka gbẹ́ ilẹ̀ wò bóyá omi ti wọlé dé ibi tí irúgbìn máa sùn. Á ju hóró àgbàdo mẹ́ta-mẹ́ta sí ihò, á fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bò ó. Òjò á wá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èyí tó hù á rọ, èyí tí kò tíì hù, àparò á hú u jẹ. Bàbá á wo ojú ọ̀run, á pa òwe tí màmá ń pa yẹn, á sì padà sílé lọ sọ àgbàdo tó so rọ̀ sókè ààrò kalẹ̀, èyí tí èéfín ti ń rú sí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Á tún gbìn. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí òwe yìí mọ̀ nìyẹn: ẹnu ń sọ ọ́, ọwọ́ ń wá irúgbìn. Ẹni tó fi òwe yìí sùn sílé lásìkò gbíngbìn kò gbọ́ Yorùbá yé.

Àwa ará Kétu tún ní ìdí tiwa tí òwe yìí fi wọ̀ wá lára. Ní 1886, ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, pa Kétu run. Wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn tí kò kú lẹ́rú lọ sí agbègbè Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhòmì. Ìlú olódi, tó ní ẹnubodè Akaba Idena tí àlejò ṣì ń wá wò títí dòní, wá di ahoro. Ta ló lè rí i lọ́jọ́ yẹn pé ogun mìíràn tí Kétu ò bẹ̀ lọ́wẹ̀ ló máa ṣẹ́ Dàhòmì? Àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1892. Àwọn tó wà lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé lẹ́yìn náà, nígbà tó sì di 1894, Alákétu, ọba Kétu, ti tún wà lórí oyè. Àǹfààní ara wọn làwọn Faransé ń jà fún, àmúnisìn ni wọ́n sì mú dé, n kò ní pè wọ́n ní olùgbàlà. Àmọ́ àwọn tó padà wá ṣán igbó orí ilé baba wọn, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwa sì nìyí.

Ọ̀pọ̀ ló kú sóko ẹrú tí wọn ò fojú kan Kétu mọ́. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn náà. Òwe yìí ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ìgbà rẹ̀ máa yí kó tó kú. Ibẹ̀ ló ti le jù, ibẹ̀ náà ló sì ti di ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, nítorí pé ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kìkì nítorí pé nǹkan máa yí, ìgbà ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Òwe yìí tún ń bá ẹni tí nǹkan rọ̀ ṣọ̀mù fún wí. Nígbà tí ọjà ń yá ní Ìlárá, níbi tí ààlà ti la ìlú sí méjì, àwọn ìyá oníṣòwò ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún ọmọ wọn tó ń náwó ní ìnákúnàá. Nàìjíríà wá ti ibodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹni tó lówó nípamọ́ àti ẹni tí kò ní, gbogbo wọn ló gbọ́ òwe yẹn tuntun lọ́dún náà.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí olùṣọ́àgùntàn yín ṣí Oníwàásù orí kẹta: "Olúkúlùkù ohun ni àkókò wà fún." Kí wọ́n ṣí Jákọ́bù orí karùn-ún ẹsẹ keje náà, níbi tí àpọ́sítélì ti fi àgbẹ̀ tó ń ní sùúrù de òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò kọ́ ìjọ. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó tú Bíbélì náà sí èdè wa ni Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́mọdé ní 1821. Ní 1853, ó wọ Kétu wá gẹ́gẹ́ bí oníwàásù. Ta ló lè sọ pé ayé ọkùnrin yẹn lọ bí ọ̀pá ìbọn? Àwọn mùsùlùmí tó bá wà nínú ẹbí yín náà mọ āyà (ẹsẹ Kùránì) tó sọ pé Ọlọ́run ló ń yí àwọn ọjọ́ po láàárín àwọn èèyàn, nínú Súrà Āl Imrān. Àwọn onífá ní tiwọn ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ó ku ìgbà tó yẹ kéèyàn pa á. Má pa á fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ ẹ́. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á tù yín nínú" ti tó. Jókòó tì í, kí o sì dákẹ́. Má pa á fún ẹni tí o jẹ lówó, torí á dà bíi pé o fẹ́ fi òwe san gbèsè. Pa á fún ara rẹ nígbà tí nǹkan bá ń dùn, pa á fún ọ̀rẹ́ rẹ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá jọ wá ibi tí ẹ máa gbà. Bó bá jẹ́ iwájú àgbà ni, kọ́kọ́ ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o." Bí wọ́n bá dá ọ lóhùn pé, "Wà á pa òmíràn," gbà á bí àdúrà, kí o sì ṣe àmín.