Ìbéèrè Yín Lórí Orin: Atẹ-Píánò Tó Ń Ṣẹ̀dá Orin, Tó Tún Ń To Orin

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa ní píánò jáàsì lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí láti ọ̀dọ̀ wa níbí? Ṣé iṣẹ́ gidi ni? — Ìyá kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹni tó ti ṣe é rí wà, Ọ̀yọ́ yìí gan-an ni wọ́n sì bí i sí ní 1905. Fẹlá Ṣówándé la ń wí. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, orin ìjọ sì ni iṣẹ́ tí bàbá náà fẹ́ràn. Èkó ni Fẹlá ti kọrin ọmọdé ní Kàtídírà Church of Christ lábẹ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips. Nígbà tó di 1934, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí London.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó ń tẹ píánò jáàsì, òun àti Fats Waller sì jọ jókòó ti píánò méjì rí. Ní 1936 òun ló tẹ píánò nínú eré orí ìtàgé Blackbirds. Ó tẹ dùùrù fún BBC, ó sì darí akọrin ní Kingsway Hall. Nígbà ogun, ó ń bójú tó orin fún ẹ̀ka ìjọba tó ń ya fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ní 1943 ó gba FRCO, ìwé ẹ̀rí ńlá tí àwọn atẹ-dùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dù. Ọdún kejì rẹ̀ ló kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn. Nígbà tó padà wálé, ó di olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ máa kọ́ni ní Amẹ́ríkà, níbi tó kú sí ní 1987.

Tí ẹ bá kà á, iṣẹ́ bíi márùn-ún mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan yẹn. Ẹni tó ń tẹ píánò nìkan, ọjọ́ tó bá jókòó tì í ló ń gbowó. Ẹni tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn mìíràn, wọ́n lè máa lo ìwé orin rẹ̀ ní ìlú mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Amẹ́ríkà. Mary Lou Williams (1910–1981) ń tẹ píánò nínú ẹgbẹ́ Andy Kirk, òun náà ló sì ń to orin fún wọn, títí tí Benny Goodman àti Duke Ellington, àwọn olórí ẹgbẹ́ jáàsì ńlá, fi wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ellington fúnra rẹ̀, atẹ-píánò ni, síbẹ̀ láti 1939 ni Billy Strayhorn ti ń bá a ṣẹ̀dá orin, tó sì ń bá a tò ó, títí Strayhorn fi kú ní 1967. Randy Weston, atẹ-píánò ará Amẹ́ríkà tó wá sí Èkó ní 1961, máa ń ṣẹ̀dá orin tirẹ̀, á wá gbé e fún Melba Liston, obìnrin tó ń fọn trombone, pé kó bá òun tò ó fún ẹgbẹ́ ńlá. Ẹni tó ṣẹ̀dá ni ó ní orin àti kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Atò-orin ló máa pinnu ẹni tí yóò fọn ohùn wo, ibi tí yóò ti dákẹ́, àti bí orin yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì ṣe parí.

A kò ní tàn yín, mà: jáàsì nìkan kò lè bọ́ ọ ní Ọ̀yọ́. Ìjọ, ìgbéyàwó, kíkọ́ ọmọ ọlọ́mọ àti sítúdíò ni owó ti ń wọlé. Àmọ́ gbogbo wọn ló nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń to orin. Ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọ́ni ní orin ìjọ. Ẹ jẹ́ kó lọ wádìí níbẹ̀.

Mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ní trumpet kan, alto sax kan, tenor sax kan àti trombone kan. Mo kọ orin ìjọ kan ní kíì F (F ni doh), mo ṣe ẹ̀dà mẹ́rin, mo pín in fún wọn. Nígbà tí wọ́n fọn ún, ariwo ọjà ló dà. Kí ló dé? — Atẹ-kíbọ́ọ̀dù, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìwé kan náà tí ẹ fún gbogbo wọn ló fà á. Kì í ṣe ohun tí trumpet kà ló ń dún létí. Tó bá ka C, B flat ló máa dún. Tenor náà, B flat ni, àmọ́ òkítéèfù kan (bíi láti C kan dé C tó tẹ̀lé e) sísàlẹ̀ ti trumpet. Alto tó ka C, E flat ló máa gbé jáde. Trombone nìkan ni ohun tó kà bá ohun tó dún mu. Nígbà tí gbogbo wọn wá ka kíì F yín, trumpet àti tenor bọ́ sí E flat, alto bọ́ sí A flat, trombone àti kíbọ́ọ̀dù dúró sí F. Kíì mẹ́ta lẹ jọ ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún orin tí yóò dún ní F, ẹ kọ ti trumpet àti tenor sí kíì G, ti alto sí kíì D, kí ẹ fi ti trombone sílẹ̀ ní F pẹ̀lú àmì bass. Ti tenor, ẹ rántí gbé e sókè ní òkítéèfù kan sí i lórí ìwé. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ atò-orin máa ń ṣubú sí jù.

Ó kan pípín ohùn. Ká mú kọ́ọ̀dù F tí a fi lah kún: doh, mi, soh, lah. Ká ní soh ló wà lórí, ìyẹn C tó wà ní òkítéèfù kan lókè middle C, C tó wà láàárín píánò. Tí ẹ bá tò wọ́n mọ́ra wálẹ̀, ẹ ó ní C, A, F, D. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí dára fún sax mẹ́rin, torí ohùn wọn jọra. Fún ẹgbẹ́ tí ohùn wọn yàtọ̀ bíi tiyín, ó máa ń há. Ẹ mú ohùn tó tẹ̀lé ti òkè, ìyẹn A, kí ẹ jù ú sísàlẹ̀ ní òkítéèfù kan fún trombone. Yóò wá di: trumpet C, alto F, tenor D, trombone A tó wà nísàlẹ̀ middle C. Lórí ìwé olúkúlùkù, trumpet máa rí D lórí ìlà kẹrin, alto náà D lórí ìlà kẹrin, tenor E ní àlàfo òkè pátápátá, trombone A lórí ìlà tó ga jù. Ẹ fi ọwọ́ yín tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù kí ẹ gbọ́ bí àárín wọn ṣe ṣí.

Ẹ má kó ohùn méjì tó súnmọ́ra sí ìsàlẹ̀ C tó wà ní òkítéèfù kan nísàlẹ̀ middle C. Yóò máa kùn ni, etí kò ní dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ọwọ́ òsì yín gan-an ló sábà ń ba ibẹ̀ jẹ́. Bí gìtá bass bá wà níbẹ̀, ẹ fi doh sílẹ̀ fún un. Ohùn kẹta àti ìkeje péré ni kí ọwọ́ òsì yín mú. Lórí F7, A àti E flat ni, nítòsí middle C.

Ètè ẹni tó ń fọn trumpet máa ń rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wà lórí G tó jókòó lé ìlà márùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ títí dé òpin; láàárín báà mẹ́rin-mẹ́rin (báà ni ìpín tí ìlà tó nàró ń pààlà sí lórí ìwé orin), ẹ wá àyè mímí fún un. Ẹ nọ́ńbà gbogbo báà, kí ẹ sì fi lẹ́tà A, B, C sí ibi tí ìlà orin ti yí padà, kí ẹ lè sọ pé “ẹ jẹ́ ká padà sí B” láìfi ọwọ́ wá a kiri. Ojú ìwé tí wọ́n máa ṣí, kó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti dákẹ́. Kí wọ́n fọn fèrè gbóná díẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù, torí fèrè tútù máa ń lọ sílẹ̀.

A fẹ́ fi dùndún sínú orin jáàsì wa, àmọ́ píánò àti ìlù ń bára wọn jà. — Ọ̀dọ́ olórin, Ọ̀yọ́

Ẹ má kọ nóòtì fún onílù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kí ìyáàlù sọ ni kí ẹ kọ sórí báà, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Dò, re, mí tí a fi ń ka ohùn èdè wa kì í ṣe doh, ray, me ti sólífà o. Ibi tí ohùn ti lọ sílẹ̀, ibi tó dúró àti ibi tó ti lọ sókè ni onílù ń wò, osán ló sì fi ń wá a. Ẹ ní kó wá ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ doh tàbí soh kíì yín, ó ti tó.

Nígbà tí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀, ẹ fi báà méjì tàbí mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Kí ọwọ́ ọ̀tún píánò lọ sókè, kí kọ́ọ̀dù dín kù sí ohùn méjì, kí ọwọ́ òsì dákẹ́. Ìjà tí ẹ ń gbọ́ yẹn, agbègbè ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Bí ó bá sì jẹ́ kọ́nkọ́lọ́ ni agogo ń lù, 12/8, tí ìlù kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta, ni kí ẹ kọ ìwé sí. Ẹni tó kọ ọ́ sí 4/4, tí ìlù kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, àwọn afọnfèrè á máa kà á tààrà, ìlù á sì máa fà wọ́n sẹ́yìn.

Bí orin yín bá ní ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ ṣọ́ ọ gidigidi. Orin tó gòkè lórí ìparí “ọkọ̀” ti sọ ọ́ di “ọkọ́”. Èyí tó dúró sójú kan ti sọ ọ́ di “ọkọ”. Ọ̀pọ̀ orin ìjọ tí a túmọ̀ sórí orin òyìnbó ló ní ọgbẹ́ yìí, ó sì ń dùn wá. Ẹ ka ọ̀rọ̀ náà jáde kí ẹ tó wá nóòtì fún un.

Kíbọ́ọ̀dù tó ní ibi ìtẹ̀ 61 ni mo ní. Ìjọ kan fẹ́ ta píánò onígi àtijọ́ fún mi. Kí n rà á? — Òǹkàwé kan

Òkítéèfù 5 ni ibi ìtẹ̀ 61, ó tó fún kíkọ́ kọ́ọ̀dù àti títo orin. Fún ìka tó fẹ́ lágbára, 88 tó wúwo ló dára. Kí ẹ tó sanwó píánò onígi, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wo igi ẹ̀yìn bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ gbogbo 88. Èyí tí ohùn rẹ̀ ń ṣe ìrọ̀lẹ̀ ìrọ̀lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe, èèkàn tó mú okùn rẹ̀ ti dẹ̀, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Nígbà ọyẹ́ igi máa ń gbẹ, ohùn á lọ sílẹ̀. Nígbà òjò á wú, ohùn á lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni kí ẹ pe atún-píánò, nígbà tí ọyẹ́ ti fìdí múlẹ̀ àti nígbà tí òjò ti dúró dáadáa, kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ojú ọjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí. Kó jìnnà sí fèrèsé.

Ẹnì kan ní kí n bá òun to orin olórin mìíràn fún ìgbéyàwó, ó fẹ́ gbé e jáde lẹ́yìn náà. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é? — Ògbómọ̀ṣọ́

Gbígbé e jáde ló ń fa wàhálà. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àwọn aṣẹ̀dá ti 2022, ẹni tó ni orin ló lè fún yín láàyè láti tò ó ní ọ̀nà mìíràn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì wà títí ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tó kú. Ti Ṣówándé, fún àpẹẹrẹ, á dé òpin 2057. Ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye ohùn tí ẹ máa tò sílẹ̀, kí ẹ gba ìdajì owó, kí ẹ ka àdàkọ ìwé olúkúlùkù afọnfèrè sí owó ọ̀tọ̀, kí ẹ sì ṣèlérí àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan ọ̀fẹ́ lẹ́yìn ìdánrawò àkọ́kọ́. Ìwé orin tí gbogbo ohùn wà nínú rẹ̀, ọwọ́ yín ni kó máa gbé.