Áàpù Ẹgbẹ́ Wa Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Ará Àdúgbò

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, mo sì wà nínú ẹ̀ka kan lára àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ń fi lẹ́tà Gíríìkì jẹ́ orúkọ. A dáwó jọ, a ní kí wọ́n ṣe áàpù kan fún wa tí yóò so àwa ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn ará àdúgbò. Ní Sátidé kan tí a ń pín oúnjẹ, ìyá àgbàlagbà kan na fóònù rẹ̀ sí mi: aago tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí í pín oúnjẹ ni ó ń wá, nọ́mbà ọmọ ẹgbẹ́ ni áàpù wa sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì mí. Báwo ni a ṣe lè tún un ṣe? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà nílé tilẹ̀ ń bi mí bóyá ẹgbẹ́ òkùnkùn ni mo wọ̀.
— Ọmọ Ìjẹ̀bú, Baltimore

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa fi ọkàn ẹ̀gbọ́n yín balẹ̀. Láti ọdún 1906 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ti dá Alpha Phi Alpha sílẹ̀ ní Fásitì Cornell ni irú ẹgbẹ́ yìí ti wà ní gbangba. Nnamdi Azikiwe pàápàá wà nínú Phi Beta Sigma, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Fásitì Howard ní ọdún 1914. Lóòótọ́, wọ́n ní ètò ìgbaniwọlé tí wọn kì í sọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó sì jọ pé àṣà yẹn ni ẹni tó ṣe áàpù yín gbé wọ inú iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé tí a kọ́ láìní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni áàpù yín. Ọjọ́, àkókò àti ibi tí ẹ ti ń pín oúnjẹ, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, àti ibi tí aráàlú ti lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn yẹ kí ó wà, kí ẹnikẹ́ni rí wọn láìsọ orúkọ. Owó ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti nọ́mbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ti inú yàrá, níbẹ̀ nìkan sì ni kí ẹ ti máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ní ti ìfitónilétí tí áàpù ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ ẹ nìkan ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí.

Bí ẹ bá ń gba àwọn ọmọdé ní ìmọ̀ràn, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1998 kò fẹ́ kí a gba ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ yọ̀ǹda. Àwọn oníṣòwò ni òfin náà ń bá wí ní pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn òbí fọkàn tán òun yóò tẹ̀lé e. Ní ti ìtọrẹ, Apple kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ aláàánú tí òun kò tíì fọwọ́ sí gba owó nínú áàpù, nítorí náà ẹ darí àwọn olùtọrẹ sí ojú ìwé yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti gbé áàpù sí orí ọjà áàpù wọn, dọ́là 99 ni Apple ń gbà lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò sì lè bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má gba owó náà lọ́wọ́ òun; dọ́là 25 ni Google ń gbà, lẹ́ẹ̀kan péré.

Kí ẹ tó san ìyókù owó fún ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ gbé áàpù tuntun náà lọ bá ìyá yẹn. Ẹ ní kí ó wá aago tí oúnjẹ Sátidé yóò bẹ̀rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì káwọ́ sẹ́yìn, ẹ má ràn án lọ́wọ́.