CT ní kò sí nǹkan, síbẹ̀ ọwọ́ ń gbọ̀n

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò mi já bọ́ láti orí àkàbà, tó fi orí gbálẹ̀. CT, àwòrán inú orí tí wọ́n fi X-ray yà lọ́jọ́ náà, kò rí nǹkan kan. Ní báyìí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá fẹ́ gbé ife, ṣùgbọ́n tó bá gbé e lé itan, kì í gbọ̀n. Ṣé ká tún CT ṣe ni?

ÌDÁHÙN: Iṣẹ́ tí wọ́n rán CT ló jẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń wá ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú agbárí, eegun tó fọ́ àti ọpọlọ tó wú, ìyẹn àwọn ohun tó lè gbẹ̀mí ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ kì í sábà tó ni àwọn fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ kiri inú ọpọlọ. Bí orí bá yí bìrí lójijì, gbogbo ọpọlọ kì í bá a yí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn fọ́nrán a fà, òmíràn a já. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ló kàn. Kí wọ́n fi SWI, irú àwòrán MRI kan, kún un: irin inú ẹ̀jẹ̀ tó ti dà máa ń da òòfà ẹ̀rọ náà rú, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ á yọ bí àmì dúdú.

Ọ̀rọ̀ ife àti itan tí ẹ sọ yẹn, ẹ rí i pé ó wọ inú fọ́ọ̀mù tí dókítà fi ń béèrè àwòrán. Fọ́ọ̀mù tó bá ní "ó fi orí gbálẹ̀" nìkan kò sọ ibi tí ẹni tó ń ka àwòrán máa tẹjú mọ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ mú nǹkan sábà máa ń tọ́ka sí ọ̀nà tó ti ọpọlọ kékeré ní ìpàkọ́ gba kùkùté ọpọlọ lọ sí thalamus, ibùdó kan láàárín ọpọlọ; gbígbọ̀n náà sì lè tó ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan kó tó yọjú. Inú kùkùté yìí ni ọ̀nà náà ti ń sọdá sí òdì kejì. Fún ọwọ́ ọ̀tún, bí ọgbẹ́ bá wà ṣáájú ibi tó ti sọdá, apá ọ̀tún ni wọn yóò ti rí i. Bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, apá òsì ni. Ká ní ọwọ́ náà kò lágbára ni, apá òsì la ó kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ gbogbo oògùn tó ń lò pẹ̀lú. Valproate tí wọ́n ń fúnni fún wárápá lè mú ọwọ́ gbọ̀n láìsí ọgbẹ́ kankan.

CT ṣì ní ọjọ́ tirẹ̀ o. Bí orí fífọ́ bá ń le sí i, bó bá ń tòògbé ṣáá, tàbí tí apá kan ara ń rọ, ẹ má dúró de MRI. Ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra kó jọ sábẹ́ agbárí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, pàápàá lára àgbàlagbà àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n lè fà á jáde.

Nínú MRI, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ni yóò fi dùbúlẹ̀. Bí orí bá mì, àwòrán bàjẹ́. Kí wọ́n fi tìmùtìmù há a, kí wọ́n sì kọ́kọ́ ya èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí ẹ̀rọ wà lọ́kàn rẹ̀, tàbí tí ẹ̀rún irin ti fò sí lójú rí, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó tó wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní DTI, irú MRI kan, ń ya fọ́nrán ọpọlọ ní àwọ̀ mèremère. Ṣé ó lè sọ bóyá ọwọ́ á padà bọ̀ sípò?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe fọ́nrán gan-an lẹ ń wò. Ẹ̀rọ náà ń wọn apá ibi tí ó rọrùn jù fún omi inú ọpọlọ láti tàn sí, kọ̀ǹpútà á sì fi ìṣirò fa ìlà. Níbi tí fọ́nrán bá ti gba orí ara wọn kọjá, ó lè ṣìnà, kó fi ibi tó já hàn níbi tí nǹkan kan kò ti já. Nọ́ńbà tó ń mú jáde, FA, tó ń sọ bí omi náà ṣe ń tọ ọ̀nà kan ṣoṣo tó, wà láàárín 0 sí 1. Ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ níbi tí fọ́nrán bá ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n omi tó wú ọpọlọ náà lè fà á sílẹ̀. Ẹ fi apá òsì wé apá ọ̀tún ẹni kan náà, kí ẹ má fi nọ́ńbà ẹ̀rọ kan wé ti òmíràn. Ní ti ọwọ́ tó ń padà bọ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi aago wọ̀n, bíi kíki igi kéékèèké mẹ́sàn-án sínú ihò, ni ká máa tún ṣe látìgbàdégbà.